Títí Tuntun Yóò Fi Dé

Panteka ni mo ti rà á, ní Kàdúná,
nínú ọyẹ́ tó ń la ètè bí abẹ.
Malam Tanimu gbé e sórí ìwọ̀n, òun àti páànù àti ẹ̀yìn fìríìjì,
ó ní kílò mọ́kànlá, ó ní kí n má nàá, irin ni irin.
Mo sanwó. N kò jẹ́ kó rí ojú mi.
Ta ní ń fi kílò ta ohun tó ń ka èémí iná?

Osilosikóòpù ni.
Ilé iṣẹ́ aṣọ kan tó ti kógbá sílé ló ni ín,
ẹnìkan ti fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kùn ún bò,
bọ́tìnnì mẹ́ta ti sọnù, èyí tó kù ń mì bí eyín arúgbó.
Aláǹgbá ti yé ẹyin sẹ́yìn tiransifọ́mà.

Rahila, ọmọ Zonkwa tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi,
fẹ́ tì í bọ iná lójú ẹsẹ̀.
Mo ní, Rahila, ohun tó ti sùn fún ogún ọdún,
a kì í fi igbe jí i.
A fi gílóòbù ọgọ́rùn-ún wáàtì dènà fún iná:
bí gílóòbù bá tàn yòò tí kò dẹwọ́, ìjà ń bẹ nínú ilé;
bí ó bá tàn, tó sì rọra wálẹ̀, a lè kan ilẹ̀kùn.
Ó tàn. Ó wálẹ̀. A mí.

Ṣùgbọ́n ojú gíláàsì dúdú bí ìsàlẹ̀ kànga.
Osilosikóòpù la fi ń wá àìsàn osilosikóòpù,
n kò sì ní òmíràn.
Mítà alábẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi,
gíláàsì rẹ̀ ti sán, ó sì ń purọ́:
ọgọ́rùn-ún ló ń pè ní mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún.
A ti jọ gbé pẹ́. Mo mọ iye irọ́ rẹ̀.
Òpùrọ́ tí irọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀
sàn ju olóòótọ́ tó ń ṣe ségesège.

Ọwọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ kejì nínú àpò:
ẹgbẹ̀rún méjì fóòtì ń bẹ lẹ́yìn gíláàsì yẹn,
kò mọ orúkọ baba ẹnikẹ́ni.
Ọjọ́ mẹ́ta. A yọ kapásítọ̀ mẹ́rin tó ti wú.
Imú ni Rahila fi wá ìkarùn-ún,
ó ní ó ń rùn bí ẹja tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò.

Ibẹ̀ ni mo ti dé ìdí àrùn:
rẹsítọ̀ méjì tí kì í ṣe ti ibẹ̀,
tí wọ́n fún pọ̀ sójú ẹyọ kan, wọ́n ti dúdú,
sóódà wọn rí ṣákaṣàka bí ìgbẹ́ ewúrẹ́.
Mo bú ẹni tó ṣe é. Mo bú ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́.
Hausa ni mo fi bẹ̀rẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fi parí rẹ̀.

Rahila gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ inú ìdérí.
Pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́:
“Kí èyí ṣì máa gbé e, títí tuntun yóò fi dé. Oṣù kẹta, 1984.”
Lẹ́tà k inú rẹ̀ na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, bí ẹni tó jókòó sílẹ̀.
Mo mọ k yẹn.
Mo ṣì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí rìsíìtì.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nínú ẹ̀wù iṣẹ́ tó tóbi jù,
ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ tó ń gbọn eyín lẹ́nu,
ọ̀gá mi Láwuyì tó ní kí n ṣáà ṣe é kó dé ọjọ́ Ajé,
lẹ́tà tí a kọ sí Èkó fún ojúlówó.
Ẹnikẹ́ni kò fèsì. Ọjọ́ Ajé kọjá.
Ilé iṣẹ́ kọjá. Láwuyì kọjá.
Àwọn adelé méjì yẹn ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù
títí wọ́n fi jóná.

Nínú rédíò kan tó kú ni mo ti rí èyí tó yẹ.
Mo gé ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fi sóódà díẹ̀, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i.
Nírọ̀lẹ́, kí wọ́n tó mú iná lọ,
ìlà tín-ín-rín kan, aláwọ̀ ewé, na ara rẹ̀ já gíláàsì,
ó ń gbọ̀n bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà.

Rahila ní, “Ọ̀gá, ta ló tiẹ̀ ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn?”
Mo ní, “Ọmọdé kan ni.
Wọ́n ní kó dúró de nǹkan.”